Àwọn Ayálégbé Sàídátù

Ilé mẹ́ta. Yàrá mẹ́rìnlélógún. Kànga méjì tí omi wọn ò ní iyọ̀ nínú, ní ìlú tí òkun wà lápá kan tí ọ̀sà sì wà lápá kejì.

Ní ọdún 1988, bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ní Ajah, tó bèèrè ibi tí ọmọ iléèwé ti lè rí yàrá háyà, ọwọ́ ni wọ́n máa nà sí i. "Ẹ máa lọ tààrà. Ilé tí ẹ bá rí tí aṣọ iléèwé kún orí okùn níwájú rẹ̀, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ Sàídátù nìyẹn."

Kò kàwé rárá. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló lè kọ, ọmọ tó háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ tó ti sùn lábẹ́ páànù rẹ̀, mẹ́rin ti di tíṣà. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan wà ní báńkì, ó ń so táì mọ́rùn nínú oòrùn Èkó. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn. Bí ẹ bá jókòó tì í, tí ẹ ò sì kánjú, á dá wọn lé yín lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú yàrá tí oníkálukú gbé.

Ilé àkọ́kọ́ ni ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tó kù díẹ̀ kó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọmọ bíbí Ajah ni Sàídátù Odùbánjọ. Àdín àgbọn ló ń ṣe, iṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bó àgbọn. Fọ́ ọ. Rin ín. Fún un. Gbé e kaná, kí o sì dúró tì í títí òróró á fi léfòó. Apẹja ni Ràṣídì ọkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Tájù.

Ní àwọn abúlé etí ọ̀sà nígbà náà, ọmọ tó bá lọ kàwé nílùú mìíràn kì í háyà yàrá. Ilé ìbátan ló ń gbé. Bí kò bá sí ìbátan, ilé ọ̀rẹ́ bàbá. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á fà á lé onílé lọ́wọ́, ó di ọmọ ilé. Ohun tí ọmọ ilé ń ṣe ni yóò sì máa ṣe. Á pọn omi. Á gbálẹ̀. Á kiri ọjà. Ìwé á dúró di ìgbà tí iṣẹ́ bá tán.

Iṣẹ́ kì í tán.

Ọdún 1969 ni wọ́n rán Tájù lọ sí Òkè-Àrìn, ní Erékùṣù Èkó, sọ́dọ̀ ìbátan Ràṣídì kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọdún méjì ló fi kiri kírósíìnì fún ìyàwó ilé náà. Nígbà tó padà dé, ó mọ iye tí wọ́n ń ta ìgò kírósíìnì kan ní gbogbo àdúgbò ibẹ̀, kò sì lè ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí bàbá rẹ̀.

Sàídátù ò bá ẹnikẹ́ni jà. Kí ló fẹ́ẹ́ wí? Wọ́n bọ́ ọmọ náà. Wọ́n dáṣọ fún un. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ó ro ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nídìí àdín, pẹ̀lú èéfín lójú. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bà jẹ́.

Tájù di awakọ̀ lọ́ọ̀rì. Awakọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní kékeré, "Dókítà" ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é.

Ràṣídì kú ní 1977. Ó fi ọkọ̀ ńlá kan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, Sàídátù sì ń háyà rẹ̀ fún àwọn apẹja. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìjọba ṣí iléèwé girama tuntun sí Ajah. Ọ̀fẹ́. Iléèwé ńlá, kíláàsì tó gùn bí ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n kò ní ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè sùn. Ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́, Sàídátù wà létí omi tó ń to kẹ̀ẹ̀gì àdín sínú ọkọ̀, nígbà tó rí àwọn ọmọ tó ń sọ̀ kalẹ̀. Láti Ìbẹ̀jú. Láti Akódò. Láti ibi tí ìrìn àjò odidi àárọ̀ wà láàárín. Ẹní lórí, àpótí lọ́wọ́, bàbá níwájú, wọ́n ń bèèrè ilé ìbátan lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí.

Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Ó ro ọ̀rọ̀ náà bí oníṣòwò ṣe ń rò ó. Ẹja lè má wá lọ́dún yìí. Àgbọn lè má so. Ọmọ á wá. Lọ́dọọdún, bí iléèwé bá ti ń wọlé, ọmọ á wá, ọmọ náà á sì nílò ibi tí yóò gbórí lé.

Ó ta ọkọ̀. Ó ta ẹ́ńjìnnì.

Kàsímù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àkọ́bí bàbá wọn, gbọ́, ó sì sáré wá pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

"Sàídátù, òótọ́ ni pé o ta ọkọ̀ olóògbé?"

"Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ sórí ìpín tèmi, lẹ́bàá iléèwé."

"Yàrá mẹ́jọ! Ìwọ mélòó?"

"Èmi á gbé ọ̀kan. Àwọn ọmọ iléèwé á háyà ìyókù."

Kàsímù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ iléèwé a máa háyà ilé? Kí ni wọ́n máa fi san án, ṣọ́ọ̀kì?"

Ó kọ́ ọ. Bulọ́ọ̀kù, kì í ṣe ọ̀pá àti màrìwò. Yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀ọ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan kọjú sí atẹ́gùn ọ̀sà. Ó ní kí káfíńtà kan tábìlì kan, àga méjì àti pẹpẹ ìwé sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Mọ́rúfù birikilà ló kọ́kọ́ pariwo.

"Ìyá Tájù, tábìlì nínú yàrá? Ilé baálẹ̀ gan-an ò ní in!"

"Baálẹ̀ kò ní ìdánwò," Sàídátù dá a lóhùn.

Oṣù kẹsàn-án 1981, páànù ń dán. Ó ti kéde rẹ̀ láti etí omi dé etí omi: náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọmọ kan ní táàmù. Ó ti ra ìwé rìsíìtì kan ní Ọbáléńdé, ó fi ọ̀rá wé e.

Ọjọ́ tí iléèwé wọlé ló ṣe àṣìṣe.

Yẹ̀kínì, apẹja láti Akódò, ló kọ́kọ́ dé. Ó mú ọmọ rẹ̀ Mùínàt wá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú rẹ̀ ń wo gbogbo ohun tó wà nínú ilé. Apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ wà lórí Yẹ̀kínì. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó di ọwọ́ Mùínàt mú, ó fi sínú ọwọ́ Sàídátù.

"Ìyá Tájù, ọmọ yín rèé."

Sàídátù fi ọwọ́ méjèèjì gba apẹ̀rẹ̀. "Ó ti dé ilé," ó wí.

Bí wọ́n ṣe ń wí i nìyẹn. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wí i, bí ìbátan Òkè-Àrìn náà ṣe wí i lọ́jọ́ tí Tájù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán kí ọkàn rẹ̀ tó bá a. Bàbá tó tẹ̀ lé Yẹ̀kínì rí i, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e náà. Ta ló fẹ́ẹ́ kọ ọmọ ẹnìkan lójú bàbá rẹ̀? Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mẹ́tàlá ti wọlé. Apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́tàlá. Gbogbo ilé tuntun ń rùn bí ẹ̀yìn ààrò.

Fàúsátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe àdín, ló wá kí i kú oríire. Ó fa imú.

"Ìyá Tájù, owó ilé dà?"

Sàídátù na ọwọ́ sí àwọn apẹ̀rẹ̀.

"Háà! Láńlédì ẹja!" Fàúsátù jókòó sílẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa gbé e ṣubú. "O gba apẹ̀rẹ̀, o ní ó ti dé ilé? O ò háyà yàrá fún ẹnì kankan nìyẹn. O bí ọmọ mẹ́tàlá lóòjọ́ ni!"

Ẹ̀rín tí Sàídátù náà rín kò jìnnà.

Ó dúró dé àárín táàmù. Lọ́jọ́ ọjà, tí Yẹ̀kínì wá ta ẹja, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ rán an létí owó yàrá. Yẹ̀kínì ò bínú. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ìyá Tájù, ṣé Mùínàt ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o. Ọmọ dáadáa ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ẹ́ lé e ni? Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ẹ gba apẹ̀rẹ̀. Ta ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ ọmọ ara rẹ̀?"

Àwọn bàbá yòókù ò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan kan kì í pa mọ́ ní Ajah. Ní ọjọ́ kẹta, Kàsímù dé pẹ̀lú àwọn tó ru bẹ́ẹ̀dì onírin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó kẹta, ilé rẹ̀ ti kún. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó wọlé tààrà. Wọ́n to bẹ́ẹ̀dì náà sí àárín ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

"Bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi ni. Yàrá méjì tó wà níwájú yẹn á tẹ́ ẹ lọ́rùn."

"Ilé mi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ilé rẹ? Ṣé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sanwó ni?" Kàsímù fi ọwọ́ lu irin bẹ́ẹ̀dì náà. "Ilé tí wọ́n ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀ Odùbánjọ, ilé ẹbí ni. Èmi náà ọmọ ẹbí. Lọ bi Bàbá Sùlè."

Ó lọ bi wọ́n. Bàbá Sùlè ni olórí ẹbí, arúgbó tí ojú wọn ti ń ṣú, tí etí wọn ṣì mú. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n fi ọ̀pá họ ilẹ̀.

"Sàídátù, mi ò sí lẹ́yìn rẹ, mi ò sí lẹ́yìn Kàsímù. Bí mo ṣe bá a nílé yìí ni mo fẹ́ẹ́ sọ fún ọ. Ilé tí àlejò bá ń sanwó rẹ̀, ti ẹni tó kọ́ ọ ni. Ilé tí ẹnì kankan ò sanwó rẹ̀, gbogbo wa la ni ín. Èwo ni tìẹ?"

"Èyí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló ti san?"

Sàídátù ń wo ojú ilà tí ọ̀pá náà fà sílẹ̀.

"A máa ṣèpàdé ẹbí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ tó bọ́ sí ìparí oṣù yìí. Bí o bá mú ẹnì kan wá tó sanwó, á tán síbẹ̀. Bí o ò bá mú un wá, kí ìyàwó Kàsímù máa kó ẹrù bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bẹ́ẹ̀dì náà wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi ẹ̀gbẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síléèwé. Sàídátù náà ń fi ẹ̀gbẹ́ kọjá, nínú ilé tó ta ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ kọ́. Ó rò ó pé kí òun dá apẹ̀rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá apẹ̀rẹ̀ padà ti kọ ọmọ, bàbá náà ò sì ní dárí jì í láéláé. Ó rò ó pé kí òun bẹ Kàsímù. Ìyẹn ò pẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń rin àgbọn lẹ́yìnkùlé, ó sì gbójú sókè. Láti ojú fèrèsé ó rí Mùínàt nídìí tábìlì, tó fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ètè rẹ̀ ń mì. Ọmọ náà ń kàwé. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ rí.

Sàídátù dá ọwọ́ dúró.

Àwọn bàbá wọn ní ọmọ òun ni wọ́n. Ó dáa.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí ọkọ̀ àwọn apẹja máa ń gúnlẹ̀ sí Ajah, ó kan ilẹ̀kùn yàrá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

"Ọmọ ta ni yín?"

Wọ́n ń nu ojú. "Tiyín ni, Mà."

"Ẹ káre. Ẹ mú àdá. Ẹ mú garawa."

Mùínàt nìkan ló sọ̀rọ̀. "Mà, ìdánwò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè."

"Mo gbọ́. Ìwọ, gbé garawa."

Wọ́n bó àgbọn. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n rin ín títí awọ ìka wọn fi ń bó. Wọ́n ń gbé omi láti kànga, wọ́n ń gbé èèpo àgbọn lọ dà sétí omi, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Wọn ò ráhùn. Ohun tó dun Sàídátù jù nìyẹn. Ọmọ mẹ́tàlá, kò sí ẹyọ kan tó bèèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe ń rí. Òun náà ò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ń yọ́ wọn wò, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ̀ tètè dé.

Ọkọ̀ dé. Àwọn bàbá ń já ẹja, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ọmọ wọn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èèpo lórí.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Yẹ̀kínì ló wà níwájú, ìpẹ́ ẹja ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ìyá Tájù! Kí ni mò ń rí yìí?"

"Ẹ kú ọjà o. Ẹ jókòó. Ọmọ mi ń bá mi ṣiṣẹ́ ni."

"Ọmọ ta?"

"Tèmi. Ẹ̀yin lẹ fà á lé mi lọ́wọ́. Àbí mo gbàgbé ni?"

"Ṣùgbọ́n ìdánwò ń bọ̀ ní Mọ́ńdè! Ó ti ń sọ ìdánwò yẹn fún ìyá rẹ̀ láti oṣù tó kọjá!"

"Èwo ni ìdánwò, Bàbá Mùínàt? Ọmọ ilé kì í ní ìdánwò. Iṣẹ́ ilé ló ní. Tájù mi ò ní ìdánwò l'Ókè-Àrìn. Kírósíìnì ló ní."

Bàbá kan lẹ́yìn pariwo pé, "Ẹ wò ó, obìnrin yìí fẹ́ẹ́ fi ọmọ wa ṣe ẹrú!"

Fàúsátù, tó wà nídìí ààrò, dá a lóhùn. "Ẹrú kẹ̀? Ilé àǹtí yín l'Ẹ̀pẹ́ ńkọ́, níbi tí ẹ̀yin náà ti ṣe ọmọ ilé? Ṣé ẹ kàwé tán níbẹ̀? Ẹ wá ka èyí fún wa." Ó na páálí tí wọ́n kọ nǹkan sí lára sókè. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín, ó sún sẹ́yìn àwọn yòókù.

Sàídátù dìde. Ọwọ́ rẹ̀ funfun fún oje àgbọn.

"Ẹ gbọ́ mi. Bí ọmọ bá jẹ́ ti ilé mi, mo lè rán an níṣẹ́ lónìí, mo lè rán an lọ́la, ẹ ò sì lè bi mí. Mi ò níkà nínú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi pọ̀, bí mo bá sì rí ọwọ́ tó dilẹ̀, mà á lò ó. Gbogbo wa la rí bẹ́ẹ̀. Ayálégbé nìkan ni mi ò lè rán níṣẹ́. Bó bá ti sanwó tán, tó ti ilẹ̀kùn, èmi tí mo nilé, ìta ni mà á dúró. Owó tí mo ní kí ẹ san yẹn, ẹ̀yin rò pé ilé ni mò ń tà. Àkókò ọmọ yín ni mo ní kí ẹ rà fún un."

Yẹ̀kínì wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀.

"Mùínàt. Kí ni ìwọ fẹ́?"

Ọmọ náà sọ garawa kalẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi san owó yàrá yẹn. Mo fẹ́ẹ́ jẹ́ ayálégbé."

Ẹ̀rín bú. Ayálégbé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó kúnlẹ̀ sínú èèpo àgbọn! Kódà àwọn ọmọ yòókù ń rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì ló rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn, òun ló sì pẹ́ jù lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tún ṣú.

"Apẹ̀rẹ̀ ńkọ́, Ìyá Tájù? Mi ò lè ní kí ẹ dá a padà. Ẹ̀yin náà ò lè dá a padà."

"Ẹ ò ní gbé apẹ̀rẹ̀ lọ. Ọmọ ni kí ẹ gbà."

Ó yé Yẹ̀kínì. Ó sún mọ́ wọn. Sàídátù di ọwọ́ Mùínàt mú, ó nà án sí i, Yẹ̀kínì sì gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ rẹ̀, níṣojú gbogbo èèyàn, bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Mo gba ọmọ mi."

"Ẹ gbà á."

"Ẹ wá háyà yàrá fún un."

Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì lójú ẹnì kankan. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́tàlá. Àwọn mìíràn fi owó ẹja ọjọ́ náà san, àwọn mìíràn ṣèlérí ọjà tó ń bọ̀, wọ́n sì mú un ṣẹ. Sàídátù tú ìwé rìsíìtì kúrò nínú ọ̀rá. Kò sẹ́ni tó lè kọ ọ́ nínú àwọn àgbà, nítorí náà Mùínàt ló jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, pẹ̀lú ìka tó ń ta á, ó kọ rìsíìtì fún bàbá ara rẹ̀. Sàídátù tẹ àtàǹpàkò sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé gàrí kalẹ̀, wọ́n sì jọ jẹ ẹja gbígbẹ tó kù tán ní ìjókòó kan.

Àwọn ọmọ ò bá wọn jẹun níta. Wọ́n ti wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìdánwò wà ní Mọ́ńdè.

Nígbà tí Jímọ́ọ̀ pé, ẹbí péjọ sábẹ́ igi mọ́ṣáláṣí. Kàsímù ní wọ́n fi ipá mú àwọn èèyàn sanwó ni. Bàbá Sùlè ní kí wọ́n mú ìwé wá. Wọ́n ní kí ọmọ tó kọ ọ́ kà á sókè.

Mùínàt dìde nínú aṣọ iléèwé rẹ̀. "Mo gba náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínì ti Akódò, owó yàrá kẹta, fún táàmù kìn-ín-ní. Èmi, Sàídátù Odùbánjọ, onílé."

"Ka ìparí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," Bàbá Sùlè wí.

"Èmi, Sàídátù Odùbánjọ, onílé."

Àwọn àgbàlagbà mi orí. Arúgbó náà yíjú sápá ibi tí ohùn Kàsímù ti ń wá tẹ́lẹ̀. "Kàsímù, lọ gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ. O ń dí àwọn ayálégbé lọ́nà."

Sàídátù ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn tún ìborùn rẹ̀ so, ó fún un le, ó sì rìn gba àárín ọjà kọjá lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀yìn ló yá jù.

Láti ọjọ́ náà, ó ní òfin kan. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rán ayálégbé níṣẹ́, títí kan òun. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹ̀yìn á máa ro ó, tí omi á tán nínú kòkò, tí ọmọ mẹ́rìnlá tó lókun á sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn méje. Á gbé garawa fúnra rẹ̀. Bí Fàúsátù bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Wọ́n ti sanwó."

Ní oṣù kìn-ín-ní 1982, lọ́jọ́ tí táàmù kejì fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ké níta pé, "Àgò o!"

Sàídátù mọ ohùn náà. Kò dá a lójú, nítorí ẹni tó ni ohùn náà kì í ké àgò. Ta ló ń ké àgò kó tó wọ ilé ẹbí rẹ̀? Ó jáde. Kàsímù ni, ó dúró lẹ́yìn òpó, kò gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Sìmbíátù, ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kejì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpótí.

"Àgò yà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wọlé."

Ó wọlé. Ó ń wo páànù, ó ń wo ilẹ̀. "Mo gbọ́ pé àyè kan kù."

"Ó kù. Yàrá keje. Ta ló fẹ́ ẹ?"

"Sìmbíátù ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ilé yín ò jìnnà. A lè gbọ́ ikọ́ yín níbí."

Kàsímù bọ́ fìlà. "Ìyàwó mẹ́ta, Sàídátù. Gbogbo wọn ń rán an níṣẹ́. Èmi gan-an ò dáa. Bí mo bá ti rí i pé ó jókòó, mà á rántí nǹkan. Ó gba ipò kejìlélógójì. Ọmọ Akódò yẹn gba ipò kìíní." Ó na owó náà sí i, ó ti ká a mọ́ ọwọ́ tipẹ́. "Kọ rìsíìtì fún mi."

Wọ́n kọ ọ́. Sìmbíátù gbé àpótí wọ yàrá keje, ó rí tábìlì, ó fi ọwọ́ pa á. Ó ti ilẹ̀kùn.

Kàsímù jókòó sórí àga ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń fẹ́ ara rẹ̀. Oòrùn mú. Kò tíì pẹ́ rárá tó fi gbóhùn sókè.

"Sìmbíátù! Bu omi wá fún mi mu!"

Ilẹ̀kùn yàrá keje ò ṣí. Wọ́n gbọ́ bí Sìmbíátù ṣe fa àga sún mọ́ tábìlì nínú ibẹ̀.

Sàídátù ti dìde. Ó lọ sídìí kòkò, ó bu omi tútù sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ mu omi, Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Ẹ má rán ayálégbé mi níṣẹ́."